Hong Kong 85, Afghanistan 66: kí ló jẹ́ kí ọjọ́ ayé àwọn ará Éṣíà jìnnà síra tó báyìí?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba Japan kéde pé àwọn tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí tó ti lé lórílẹ̀-èdè náà ti di 99,763. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 88 ló jẹ́ obìnrin. Ẹ sì mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé irú ìròyìn yìí lórí WhatsApp: ẹ máa mu tíì aláwọ̀ ewé, ẹ máa jẹ ewéko inú òkun, ẹ má jẹun yó, ẹ má máa bínú. Tíì ò ṣẹ̀ mí o. Àmọ́ tó bá jẹ́ tíì ló ń mú ẹ̀mí gùn, ó yẹ kó ti mú un gùn ní 1947, nígbà tí ìwọ̀n ọjọ́ ayé ọkùnrin Japan jẹ́ ọdún 50, tí ti obìnrin sì jẹ́ 54. Tíì wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ewéko inú òkun náà wà. Lónìí, àwọn obìnrin wọn ti wọ 87, àwọn ọkùnrin sì ti wọ 81. Ohun mìíràn ló ṣẹlẹ̀ láàárín, a ò sì lè rí i dáadáa bí a bá tẹjú mọ́ Japan nìkan. Gbogbo Éṣíà ló yẹ ká gbé sójú kan wò.

Nínú ìṣirò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2024, èyí tó sọ bí nǹkan ṣe rí ní 2023, Hong Kong, ìlú tó wà lábẹ́ Ṣáínà àmọ́ tí wọ́n ń ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, ló wà lókè pátápátá pẹ̀lú ọdún 85 àti díẹ̀. Japan àti Gúúsù Kòríà tẹ̀ lé e ní 84 àti díẹ̀, Singapore ò sì jìnnà sí wọn. Ṣáínà wà ní 78, Sri Lanka ní 77, Thailand ní 76, Bangladesh ní nǹkan bí 75, Íńdíà ní 72, Indonesia ní 71, Pakistan ní nǹkan bí 68, Myanmar ní 67. Afghanistan wà lára àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní 66. Maldives, àwọn erékùṣù kéékèèké tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ ò kún ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ kan ṣoṣo, wà ní 81. Kí ẹni tó ń kà á nílé lè mọ ibi tí tiwa dúró: Nàìjíríà wà ní nǹkan bí 54 nínú ìwé kan náà, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó kéré sí i lọ́dún náà.

Ká tó máa bá a lọ, ó yẹ ká mọ ohun tí nọ́ńbà yìí ń sọ, torí ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í kà. Àwọn onímọ̀ ìṣirò á kó iye àwọn tó kú lọ́dún kan jọ, wọ́n á pín wọn sí ọjọ́ orí: ọmọ ọwọ́ mélòó, ọmọ ọdún mẹ́wàá mélòó, ẹni ogójì ọdún mélòó, títí dé orí àwọn arúgbó. Wọ́n á wá béèrè pé, bí ọmọ tí wọ́n bí lónìí bá máa la irú ewu tó wà nílẹ̀ lọ́dún yìí kọjá láti ìkókó títí dé ọjọ́ ogbó, ọdún mélòó ló máa lò? Ìyẹn ni ìwọ̀n ọjọ́ ayé. Kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, kò sì sọ ìgbà tí àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ máa kú.

Ẹ wo ọmọ mẹ́wàá tí wọ́n bí lábúlé kan. Méjì kú ní ìkókó. Àwọn mẹ́jọ yòókù dàgbà, wọ́n bímọ, wọ́n rí ọmọ-ọmọ, kálukú wọn sì lo ọdún 75. Bí a bá ro gbogbo ọdún tí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lò pọ̀, tí a pín in dọ́gba, ọdún 60 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì kú ní ọgọ́ta ọdún. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé "ọgọ́ta ọdún ni wọ́n ń kú ní ìlú yẹn," ó ti ṣì í sọ. Ohun tí nọ́ńbà tó kéré máa ń sọ jù lọ ni pé àwọn ọmọdé ń kú, àwọn ìyá ń kú lórí ìkúnlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kú ikú àìtọ́jọ́. Ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún ní Pakistan ṣì lè retí ohun tó ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí i. Ará Japan tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ á retí nǹkan bí 26. Ìyàtọ̀ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ kò tó èyí tó wà láàárín ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní ìlú méjèèjì.

Ìyá ọmọ, iyọ̀ àti ṣúgà

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí pẹ́ díẹ̀ ni Bangladesh àti Pakistan, torí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni wọ́n títí di 1971. Nígbà tí wọ́n pínyà, kò sẹ́ni tó rò pé Bangladesh lè borí ìkejì rẹ̀ nínú ohunkóhun. Ìjì líle kan gbá etíkun rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1970, wọ́n sì fojú bù ú pé ó pa tó ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn, ìyẹn 300,000, ó kéré tán. Ogun òmìnira tẹ̀ lé e. Ìyàn ńlá mú ní 1974. Pakistan ló lówó jù, àwọn ará ibẹ̀ ló sì ń pẹ́ láyé jù. Lónìí, ará Bangladesh fi nǹkan bí ọdún méje ju ará Pakistan lọ, ó sì ti kọjá rẹ̀ nínú ọjọ́ ayé tipẹ́tipẹ́ kó tó kọjá rẹ̀ nínú owó.

Kí ni wọ́n ṣe? Ó pọ̀, àmọ́ ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò lè fò. Ẹni tí kọ́lẹ́rà bá mú lè ya gbogbo omi ara rẹ̀ dànù láàárín wákàtí mélòó kan. Nígbà náà, dríìpù ni dókítà gbẹ́kẹ̀ lé, dríìpù ò sì sí lábúlé. Ní 1968, àwọn oníṣègùn kan nílé ìwádìí kọ́lẹ́rà tó wà ní Dhaka, olú ìlú Bangladesh lónìí, David Nalin àti Richard Cash wà lára wọn, fi hàn pé bí wọ́n bá po ṣúgà àti iyọ̀ sínú omi ní ìwọ̀n tó yẹ, ìfun tí àìsàn náà ti dà rú ṣì máa gbà á. Ṣúgà ló ń fa iyọ̀ wọlé, omi á sì tẹ̀ lé iyọ̀. Nígbà tí ogun 1971 lé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn wọ Íńdíà, kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ tí wọ́n kó àwọn tó sá wá sí ní Bangaon. Dríìpù tán lọ́wọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis. Ló bá ní kí wọ́n po iyọ̀, ṣúgà glucose àti sódà sínú dúrọ́ọ̀mù, kí àwọn mọ̀lẹ́bí máa bù ú fún aláìsàn mu. Níbi tí nǹkan bí 30 nínú 100 ti ń kú tẹ́lẹ̀, ó wálẹ̀ sí iye tí kò tó 4.

Ó wá ku bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa dé ìdí ààrò ìyá ọmọ tó wà lábúlé tí mọ́tò ò dé, tí kò sì mọ̀wé. Láti 1980, BRAC, àjọ aládàáni kan ní Bangladesh tí Fazle Hasan Abed dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé. Oògùn kọ́ ni wọ́n gbé dání. Wọ́n á jókòó ti ìyá ọmọ, wọ́n á ní kó fi ìka mẹ́ta mú iyọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó bu ẹ̀kúnwọ́ gur kan, ìyẹn ṣúgà ìrèké pupa tí wọ́n ń lò nílé wọn lójoojúmọ́, kó dà á sínú omi tó tó ìdajì lítà, kó rò ó pọ̀. Ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa pò ó kí olùkọ́ tó dìde. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíì á wá bẹ àwọn kan wò lára àwọn ìyá tí wọ́n ti kọ́, á bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rántí. Bí ohun tí àwọn ìyá rántí bá ṣe pọ̀ tó ni owó olùkọ́ ṣe máa pọ̀ tó. Kì í ṣe iye ilé tó wọ̀ ni wọ́n fi ń sanwó fún un o, ohun tó kù sí orí ìyá ọmọ ni. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò ìlanilọ́yẹ̀ nílẹ̀ yìí, tí fọ́tò àti fìlà ìpàdé máa ń ká lára ju iṣẹ́ lọ, jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Kò kọ́kọ́ lọ bí wọ́n ṣe rò. Àwọn ìyá mọ̀ ọ́n pò, àmọ́ wọn ò lò ó. Nígbà tí BRAC tọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, wọ́n rí i pé àwọn olùkọ́ kan gan-an ò gbà pé ó ń ṣiṣẹ́: bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ tiwọn, oògùn ni wọ́n ń sáré lọ rà. Àwọn ọkọ náà ò lọ́wọ́ sí i, torí kò sẹ́ni tó bá wọn sọ ọ́. Wọ́n bá kó àwọn olùkọ́ lọ sí Dhaka kí wọ́n lọ fojú ara wọn rí bí aláìsàn ṣe ń dìde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ lọ́jà àti ní mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó fi máa di 1990, wọ́n ti dé ilé tó lé ní mílíọ̀nù 12. Ẹni tó bá ti gbọ́njú ní Nàìjíríà láàárín 1985 sí 1992, nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, á rántí omi oníyọ̀ àti ṣúgà tiwa, tí wọ́n ní ká fi igo bíà kan tàbí igo mínírà méjì wọn omi rẹ̀. Ìmọ̀ kan náà ni.

Yàtọ̀ sí èyí, Bangladesh sáré kó abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin ń gbé ètò ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ bá àwọn obìnrin nílé, láti 1994 sì ni ìjọba ti ń fún àwọn ọmọbìnrin abúlé lówó kí wọ́n lè dúró sílé ẹ̀kọ́ girama. Pakistan náà ò kàn káwọ́ gbera. Ọdún 1994 yìí kan náà ló dá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera obìnrin tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì pọ̀ gan-an lónìí. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ agbègbè, obìnrin ò lè dá jáde nílé láìsí ọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀, ìwé kíkà àwọn ọmọbìnrin fà sẹ́yìn, wọ́n sì ti pa àwọn tó ń tọ́ oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà náà dá kún un: nígbà tí wọ́n ń wá Osama bin Laden ní ìlú Abbottabad ní Pakistan, wọ́n lo dókítà kan pé kó fi abẹ́rẹ́ àjẹsára bojú láti wádìí inú ilé náà. Nígbà tí àṣírí tú ní 2011, ta ló tún fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún abẹ́rẹ́? Títí di òní, Pakistan àti Afghanistan ni ibi tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ò tíì kúrò nílẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bá bí ní Pakistan, nǹkan bí 60 ni kì í pé ọdún márùn-ún. Ní Bangladesh, nǹkan bí 30 ni. Ibẹ̀ ni apá kan nínú ọdún méje yẹn ti wá.

Owó nìkan kọ́

Sri Lanka ti fi èyí hàn kí Bangladesh tó bẹ̀rẹ̀. Láti 1945 ni ẹ̀kọ́ ti jẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní agbẹ̀bí tirẹ̀ tó mọ gbogbo aláboyún ibẹ̀ lórúkọ, tó sì ń wọlé tọ̀ wọ́n. Oògùn DDT lu ẹ̀fọn ibà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ibà sì padà wá lẹ́yìn ìgbà náà, kó tó di pé Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i ní 2016 pé kò sí i mọ́. Ogun abẹ́lé jà wọ́n láti 1983 dé 2009, síbẹ̀ àwọn agbẹ̀bí yẹn ò dáwọ́ dúró.

Nínú Íńdíà fúnra rẹ̀, nọ́ńbà 72 ò sọ nǹkan púpọ̀ fún ẹ. Ìṣirò ìjọba wọn fún 2016 sí 2020 fi ìpínlẹ̀ Kerala sí nǹkan bí 75, ó sì fi ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh sí nǹkan bí 66, Chhattisgarh náà ò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà, àsíá kan náà, ọdún mẹ́sàn-án ló wà láàárín wọn. Kerala kì í ṣe ibi tó lówó jù ní Íńdíà. Ibi tí àwọn ìyá ti mọ̀wé, tí ilé ìwòsàn kékeré sì wà nítòsí, ni.

Ti Ṣáínà ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Nígbà tí wọ́n dá ìjọba tuntun sílẹ̀ ní 1949, wọ́n fojú bu ìwọ̀n ọjọ́ ayé ibẹ̀ sí 35. Nígbà tó fi máa di 1980, ó ti kọjá 65, bẹ́ẹ̀ ọrọ̀ Ṣáínà tí gbogbo ayé ń pariwo lónìí ò tíì dé. Àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú, wọ́n kọ́ wọn láti se abẹ tí wọ́n fi ń gé ìwọ́, kí àrùn ipá (tetanus) tó ń pa àwọn ìkókó lè dínkù. Láti 1968, wọ́n tan àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ ní ìṣègùn fún oṣù mélòó kan ká gbogbo abúlé, àwọn tí ayé mọ̀ sí dókítà ẹlẹ́sẹ̀-lásán. Wọn ò lè ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n kàn lè gún abẹ́rẹ́, wọ́n lè di egbò, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn. Ìjọba yìí kan náà ló dá ìyàn 1959 sí 1961 sílẹ̀ pẹ̀lú ètò ọ̀gbìn rẹ̀ tó forí ṣánpọ́n, tó pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn. Méjèèjì ló ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá sọ ọ̀kan tó fo èkejì ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ní 2024, ìjọba Ṣáínà ní ìwọ̀n ọjọ́ ayé àwọn ti dé 79.

Iyọ̀ Nagano, sìgá Hong Kong

Bí ọmọdé ò bá kú mọ́, ọwọ́ ikú á kàn sún sókè ni, á wá di ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ibí yìí ni Japan ti yẹ lẹ́ni tí èèyàn ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Títí di 1950, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń pa wọ́n jù. Láti 1951 dé 1980, rọpárọsẹ̀ ló gba ipò náà, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fà á, iyọ̀ ló sì ń dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru. Oúnjẹ àbáláyé tí wọ́n ń yìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì yìí kún fún iyọ̀! Ní Nagano, ìpínlẹ̀ kan ní Japan níbi tí òkè ti pọ̀, tí yìnyín sì máa ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n máa ń rẹ ẹ̀fọ́ sínú iyọ̀ kó lè pẹ́, wọ́n á tún fi ọbẹ̀ miso tó níyọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ń pa wọ́n bí ẹní ń pa eṣinṣin. Àwọn ará àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ obìnrin, ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé onílé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú ọbẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe lè dín in kù láìba ọbẹ̀ jẹ́. Ní 2010, Nagano ló gba ipò kìíní ní gbogbo Japan, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ká má gbàgbé pé láti 1961 ni ètò adójútòfò ìlera ti kárí gbogbo ará Japan, tó fi jẹ́ pé àgbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru lè rí oògùn lò lójoojúmọ́ láìta ilẹ̀.

Okinawa ló wá yí ìtàn náà padà. Erékùṣù yìí ni gbogbo àwọn tó ń ta ìwé ẹ̀mí gígùn máa ń dárúkọ. Lóòótọ́, àwọn arúgbó ibẹ̀ pẹ́ gan-an láyé. Àmọ́ Amẹ́ríkà ló ṣàkóso ibẹ̀ láti 1945 dé 1972, búrẹ́dì, ẹran inú agolo àti mọ́tò sì dé ibẹ̀ ṣáájú apá ibòmíì ní Japan. Ní 2000, àwọn ọkùnrin Okinawa já wálẹ̀ sí ipò 26 nínú ìpínlẹ̀ 47. Ní 2020, ipò 43 ni wọ́n wà. Ilẹ̀ kan náà, ìran kan náà, òkun kan náà. Bí ẹnì kan bá tún fi fídíò Okinawa ránṣẹ́ sí yín, ẹ bi í léèrè pé ọdún wo ni wọ́n ká a.

Hong Kong ní tirẹ̀ ò jọ ibi tí dókítà máa ní kéèyàn lọ gbé. Wọ́n há mọ́ra, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò mọ́ tó, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń jẹ ẹran jù lágbàáyé. Àmọ́ ilé ìwòsàn ìjọba ò wọ́n wọn, àwọn tó ń mu sìgá kò sì tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Lórí ilẹ̀ Ṣáínà gan-an tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nǹkan bí ìdajì àwọn ọkùnrin ló ń mu ún. Mi ò ní sọ pé sìgá nìkan ló fa gbogbo ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni bá fẹ́ mọ ìdí tí ọkùnrin fi ń kú ṣáájú obìnrin ní Éṣíà, kó kọ́kọ́ wo ẹnu àwọn ọkùnrin. Ní Mongolia, nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin fi ń ju ọkùnrin lọ: ọtí líle, sìgá, àti àrùn mẹ́dọ̀wú tó jẹ́ kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi láyé lọ. Kazakhstan náà rí ohun tó jọ ọ́ nígbà tí Soviet túká ní 1991, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, tí ọtí sì gba ipò iṣẹ́.

Ogun ni kì í fi àkókò ṣòfò. Lábẹ́ ìjọba Khmer Rouge ní Cambodia, láti 1975 dé 1979, ìwọ̀n ọjọ́ ayé wálẹ̀ débi pé kò tó 20. Nínú ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé jáde ní 2025, àwọn onímọ̀ sọ pé ní Gaza, ó já láti nǹkan bí 75 sí nǹkan bí 40 láàárín oṣù méjìlá àkọ́kọ́ ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2023. Ohun tí abẹ́rẹ́, agbẹ̀bí àti omi tó mọ́ fi ọgọ́ta ọdún kọ́ ni ogun wó lọ́dún kan.

Ṣé ìṣirò náà ṣeé gbára lé?

Ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn. Ní 2010, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ kí bàbá kan ní Tokyo tí ìwé sọ pé ó ti di ẹni ọdún 111. Òkú tó ti gbẹ ni wọ́n bá lórí ibùsùn. Ó ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tó ti kú, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ń gba owó tó yẹ kó máa gbà. Ìjọba yẹ ìwé ìdílé wò káàkiri, wọ́n rí orúkọ tó lé ní 230,000 tí wọ́n kọ pé ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ ibi tí wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sínú ogun tàbí kí wọ́n ti kó lọ sílẹ̀ òkèèrè. Àmọ́ ìwé ìdílé yẹn kọ́ ni wọ́n fi ń ka àwọn arúgbó tó wà láàyè lọ́dọọdún, ìwé àwọn tó ń gbé àdúgbò ni. Ìwọ̀n ọjọ́ ayé náà ò fi bẹ́ẹ̀ mì, torí àwọn arúgbó kéréje tó wà lókè téńté ò lè tì í síwájú tàbí sẹ́yìn púpọ̀.

Ibi tí ìfojúbù ti pọ̀ ni ibi tí wọn kì í kọ ikú sílẹ̀. Afghanistan ò tíì parí ètò ìkànìyàn kankan láti 1979 (àwa náà ò kúkú ṣe tiwa láti 2006). Níbẹ̀, àwọn olùwádìí á lọ bá àwọn obìnrin nílé, wọ́n á béèrè pé ọmọ mélòó lẹ ti bí, mélòó ló wà láyé, mélòó ló kú, ọdún wo ló kú. Inú ìdáhùn yẹn ni wọ́n ti ń ṣírò ìyókù. Nítorí náà, tí ẹ bá rí 66.0 fún Afghanistan, ẹ má ka òdo ẹ̀yìn yẹn sí.

Àwọn ibi tí ẹ̀mí ti gùn náà ní ìṣòro tiwọn. Ìjọba Japan máa ń ka iye ọdún tí èèyàn fi lè dá ṣe nǹkan fúnra rẹ̀ láìsí pé àìsàn dè é mọ́lẹ̀. Ní 2022, ó jẹ́ nǹkan bí 73 fún ọkùnrin àti 75 fún obìnrin. Ó túmọ̀ sí pé obìnrin Japan máa ń lo nǹkan bí ọdún méjìlá nínú àìlera kó tó kú, ọkùnrin á lo mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ta ló máa tọ́jú wọn, nígbà tí àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ń dín kù lọ́dọọdún? Ní Gúúsù Kòríà, níbi tí ètò adójútòfò ìlera bẹ̀rẹ̀ ní 1977 tó sì kárí gbogbo ìlú ní 1989, ìwọ̀n ọjọ́ ayé ti fò láti nǹkan bí 55 ní 1960 dé orí 80 ó lé, ṣùgbọ́n nǹkan bí mẹ́rin nínú àwọn àgbàlagbà mẹ́wàá ibẹ̀ ló tòṣì, àwọn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn nínú wọn sì pọ̀. Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì síwájú láti oṣù Kìíní 2025: ọkùnrin tó ń fẹ̀yìn tì ní 60 tẹ́lẹ̀ máa di 63 díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Inú ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ò dùn sí i.

Èyí tí mò ń ṣọ́ jù ni Afghanistan. Nígbà tí ogun 2001 parí, àwọn agbẹ̀bí tó kọ́ iṣẹ́ dójú àmì ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà ò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì káàkiri ìgbèríko, wọ́n ń mú ọmọbìnrin láti abúlé kan, wọ́n á kọ́ ọ, á sì padà sí abúlé náà lọ ṣiṣẹ́. Iye wọn di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ikú ìkókó àti ti aláboyún sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2024, ìjọba Taliban pàṣẹ pé kí obìnrin má ṣe kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí tàbí ti nọ́ọ̀sì mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí dókítà ọkùnrin fọwọ́ kan aláboyún. Ìṣirò tó máa jáde láìpẹ́ lè má fi nǹkan kan hàn, torí àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ ṣáájú ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó yẹ kí wọ́n wọ kíláàsì ní 2025, tí wọn ì bá jáde ní 2027, ni kò ní sí.